Ọ̀gá mi ò rí pupa: ọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ àti ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ìbéèrè, láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì, páànù àti ìṣó ni mo wà ní Kétu. Ọ̀gá mi ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní Kútọnu, irú èyí tí ojú rẹ̀ kì í tan ju àwọ̀ ewé nìkan lọ, wọ́n ní kí n kọ ètò tí yóò máa sọ iye ọjà tó kù. Orí láptọ́ọ̀pù mi ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́, mo sì ṣe é bíi tayé ọjọ́un: ilẹ̀ dúdú, lẹ́tà gbàngbà. Àwọ̀ ewé ni "ọjà wà", yẹ́lò ni "ó kù díẹ̀", pupa ni "ó ti parí". Ó wù mí. Ọ̀gá wò ó títí, wọ́n ní bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí lójú àwọn. Àṣé daltonien ni wọ́n, ojú wọn kì í ya àwọn àwọ̀ kan sọ́tọ̀! Ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ àwọ̀ dànù pátápátá, òmíràn ní kí ọ̀gá lọ ra gíláàsì ojú. Èwo ni ṣíṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìwé gígùn fún mi, iṣẹ́ ni mo fẹ́ parí.

* * *

Àbúrò, ìwé yóò gùn díẹ̀, fara dà á. O rò pé ìṣòro méjì lo ní, ẹ̀rọ tí kò mọ àwọ̀ àti ọ̀gá tí kò ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Tí o bá yanjú ti ẹ̀rọ dáadáa, ti ọ̀gá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ni àwọn èèyàn ń jà lé lórí, a óò débẹ̀.

Èmi náà ti já sí kòtò yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo kọ ètò gbèsè fún ìyá kan tó ń ta aṣọ. Ẹ̀rọ tó wà nílé mi ní àwọ̀ mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà 4, ìyẹn pupa, ni mo fi kọ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Nọ́ńbà 2, àwọ̀ ewé, ni ti ẹni tó ti san. Mo fi nọ́ńbà 1, búlúù, kọ orúkọ àdúgbò. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìyá, àṣé ojú ẹ̀rọ tiwọn ò mọ̀ ju àwọ̀ kan lọ. Onígbèsè àti ẹni tó ti san di ìbejì. Orúkọ àdúgbò nìkan ló yọrí, gbogbo wọn fa ìlà sábẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń bú wọn. Ìyá wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n wo èmi, wọ́n ní: "Nínú àwọn wọ̀nyí, ta ló jẹ mí lówó?" Òógùn bò mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Káàdì MDA, ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé lẹ́tà sójú ẹ̀rọ, tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde pẹ̀lú PC wọn ní 1981, lẹ́tà nìkan ló ń kọ, 80 ní ìbú, ìlà 25 sísàlẹ̀. Nọ́ńbà àwọ̀ tí ètò bá fi ránṣẹ́ sí i, ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ ló máa túmọ̀ ẹ̀ sí: lẹ́tà lásán, lẹ́tà tó mọ́lẹ̀ gan-an, ìlà abẹ́, lẹ́tà tí a yí padà tí ilẹ̀ ẹ̀ wá mọ́lẹ̀ tí lẹ́tà fúnra ẹ̀ ṣókùnkùn, àti lẹ́tà tó ń ṣẹ́jú. Lójú tirẹ̀, "fa ìlà sábẹ́" ni búlúù. Pupa, àwọ̀ ewé àti búráùn, lẹ́tà lásán ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tí o bá lo nọ́ńbà 10 sókè dé 15, ó máa mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, má ṣe yan àwọ̀ nítorí ẹwà. Yẹ́lò tí o fẹ́, 14 ni kó jẹ́, má ṣe fi búráùn, 6, dípò ẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù, yẹ́lò lo máa rí. Lórí ẹ̀rọ ọ̀gá, lẹ́tà tó mọ́lẹ̀ ju àwọn ará ẹ̀ lọ. Ọjà tó ti parí, yí ìlà ẹ̀ padà látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò ní rí ìyẹn.

* * *

Sí ọ̀rẹ́ tó ní kí ọ̀gá lọ ra gíláàsì.

Gíláàsì tí wọ́n ń tà fún un, àwọ̀ kan ló ń sẹ́ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ kí àwọn méjì tó jọra lè jìnnà síra díẹ̀. Ohun tí kò sí nínú ojú, kò lè fi síbẹ̀. Ẹlòmíràn gbádùn ẹ̀, ẹlòmíràn fi sínú dúrọ́ọ̀. Èwo ló tún wá yá jù nínú kí ọ̀gá náwó àti kí ìwọ yí ìlà mẹ́ta padà nínú ètò rẹ?

Kì í ṣe àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn o. Àbímọ́ ni, ìyá ló sì sábà máa ń gbé e fún ọmọkùnrin láìjẹ́ pé ojú ìyá fúnra ẹ̀ ní nǹkan kan. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní i, àti obìnrin kan nínú igba. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà. Ọ̀rọ̀ "daltonien" tí à ń pè yìí gan-an, orúkọ èèyàn ni. John Dalton, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ̀rọ̀ nípa ojú ara rẹ̀ ní 1794. Ó rò pé omi inú ẹyinjú òun ló ní búlúù nínú, ó sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí òun bá kú. Ó kú ní 1844, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, omi náà mọ́ kedere. Wọ́n tọ́jú ojú náà títí, ní 1995 ni àyẹ̀wò DNA wá fi hàn pé èyí tó ń gba àwọ̀ ewé ni kò ní.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan rí, ọmọ Ṣábẹ̀, tó ń bá mi ṣa iná sí fóònù nítòsí ọjà Wàndó. Ṣájà wa nígbà náà, iná kékeré kan ló ní: ó máa ń pọ́n tí bátìrì bá ń jẹun, á di àwọ̀ ewé tó bá ti yó. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé, ọmọ yìí á bi wọ́n pé: "Ṣé ó ti kún lójú yín?" A rò pé ọmọlúàbí ló ń ṣe. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń súre fún un! Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni. Mo tú ṣájà náà, mo fi iná méjì sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ojú títì: pupa kì í kúrò lókè.

* * *

Ọ̀pọ̀ yín ló kọ ọ́ pé: "Ẹ sọ àwòrán ẹ̀ di dúdú òun funfun, tó bá ṣì ṣeé kà, ó parí." Mo gbà dé àyè kan. Ìdánwò tí kò ná èèyàn ní sẹ̀fà kan ni, tí o bá sì lè kà á láti òdìkejì ṣọ́ọ̀bù, o gbìyànjú. Àmọ́ ihò kan wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti yapa kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ìṣirò tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀ di eérú, ìyẹn dúdú òun funfun, fún pupa ní 0.2126, àwọ̀ ewé 0.7152, búlúù 0.0722. Ojú ẹni tó ń rí gbogbo àwọ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí o bá fi ṣírò pupa kíkún lórí ilẹ̀ dúdú, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn á jẹ́ 5.25 sí 1. Ìlànà WCAG, tó ń sọ bí ojú ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ṣeé kà fún gbogbo èèyàn, ní 4.5 ló yẹ kó kéré jù fún lẹ́tà kékeré. Pupa yege! Ṣùgbọ́n irú daltonien méjì ló pọ̀. Irú ti Dalton, àwọ̀ ewé ni kò gbà. Irú kejì, pupa ni kò gbà, pupa sì máa ń ṣókùnkùn lójú tiwọn ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Lẹ́tà pupa lórí ilẹ̀ dúdú, èédú lórí ìkòkò ni. Àwòrán eérú rẹ á ní ó dáa, ọ̀gá á ní òun ò rí nǹkan kan, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ.

Ti ẹ̀rọ àtijọ́ tún burú jù ú lọ, torí pupa wọn, nọ́ńbà 4, kò kún. Lórí ilẹ̀ dúdú, 2.7 ló ní lójú ẹnikẹ́ni. Búlúù, nọ́ńbà 1, kò ju 1.6 lọ. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé búlúù lórí dúdú ló ń jẹ́ "retro", bíi tayé àtijọ́.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ eré Virtual Boy tí Nintendo ṣe ní 1995. Pupa nìkan lórí dúdú. Kò sí àwọ̀ méjì tí èèyàn lè ṣì mú fúnra wọn, síbẹ̀ ẹni tí ojú ẹ̀ kì í gba pupa, inú àṣálẹ́ ló ti ń ta á. Àwọ̀ kan ṣoṣo nìkan kò tó, irú àwọ̀ náà ṣì lọ́rọ̀ í sọ. Àwọ̀ ewé ti ẹ̀rọ ọ̀gá kò ní ìyọnu, àwọ̀ oyin tí àwọn kan ń lò náà kò burú. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ogún ìdáhùn lórí èwo nínú méjèèjì yìí ni kì í dun ojú, ẹ yí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ yín sílẹ̀ díẹ̀ ná.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà, ẹ jẹ́ kó yà díẹ̀. Bàbá kan láti Ṣábẹ̀ kọ̀wé pé àwọn baba wa ò mọ̀ ju funfun, pupa àti dúdú lọ, kí ni à ń bá àwọ̀ mẹ́rìndínlógún kiri fún? Ẹnìkan sì ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé: ṣé daltonien ni gbogbo Nàgó, àwa Yorùbá Bẹ̀nẹ̀, ni?

Rárá o. Ojú yàtọ̀ sí ẹnu. Ẹni tó ń pe ewé ní dúdú mọ̀ pé kò rí bí èédú. Aláró mọ ayinrin yàtọ̀ sí etù, kódà nínú oorun. Ṣùgbọ́n bàbá sọ ohun kan tó wúlò fún iṣẹ́ yìí, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ṣe tò: funfun ló mọ́lẹ̀ jù, pupa wà láàárín pẹ̀lú yẹ́lò àti ọsàn nínú ẹ̀, dúdú ló ṣókùnkùn jù, ó sì kó búlúù àti àwọ̀ ewé mọ́ra. Ìpele ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, ó sì tó ṣe ojú ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ eré Game Boy ti 1989, ìpele mẹ́rin péré ló ní, píksẹ̀lì (ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 160 lórí 144, àwọn èèyàn sì fi ta ayò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ tún wo adìrẹ. Aró kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Ọnà ara ẹ̀ ni ìyá mi fi ń mọ tirẹ̀ lórí okùn láàárín ti ogún ènìyàn.

* * *

Torí ọnà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ eérú. Kọ̀ǹpútà Macintosh ti 1984, píksẹ̀lì 512 lórí 342, kò ní eérú rárá; dúdú wà, funfun wà, ó tán. Eérú tí ẹ ń rí lójú ẹ̀, àmì tótòtó ni: píksẹ̀lì kan dúdú, èkejì funfun, bíi pátákó ayò dáráfù. Ojú ló ń pò ó pọ̀. Ẹ̀rọ ọ̀gá náà ní irú ẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀, àwọn nọ́ńbà 176, 177 àti 178: ░ ▒ ▓. Èyí tó kún, 219: █.

Ẹ má kọ lẹ́tà sórí tótòtó o! Mo rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣe é, wọ́n ní ó jọ ti àtijọ́. Àmì àti lẹ́tà á jọ máa jà, ẹsẹ̀ lẹ́tà á sọnù. Ẹni tó ṣe Macintosh mọ̀, funfun ni wọ́n fi sẹ́yìn lẹ́tà. Tí ọnà bá di dandan, fi àyè lẹ́tà kan sílẹ̀ yí ọ̀rọ̀ ká.

Tí ẹ bá fẹ́ olùkọ́ tí ò gba owó, ẹ wá fóònù Nokia 3310 ti 2000, tó bá ṣì ku ẹyọ kan nínú ilé yín. Píksẹ̀lì 84 lórí 48. Bátìrì wà lápá kan, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lápá kejì, igi kéékèèké ló ń sọ iye tó kù. Bàbá àgbà tí kò kàwé mọ ìgbà tí bátìrì ẹ̀ fẹ́ kú, kò sì sí àwọ̀ kankan níbẹ̀.

* * *

Lẹ́tà tó ń ṣẹ́jú: ẹyọ kan lórí ojú ẹ̀rọ, kó má sì ju ìgbà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí ó lè gbé wárápá dìde lára ẹlòmíràn. Lórí ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé ti IBM, ìmọ́lẹ̀ kì í tètè kú, òjìji lẹ́tà á ṣì wà níbẹ̀ tí lẹ́tà ti lọ. Èmi kì í lò ó.

* * *

Ẹni tó bèèrè bóyá ẹ̀rọ àtijọ́ lè kọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ èdè wa, ìbéèrè rẹ ló dùn mọ́ mi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò Kétu ti ń mí kanlẹ̀.

Àwọn lẹ́tà tí IBM fi sínú ẹ̀rọ náà ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú, gbogbo ẹ̀ pé, torí Faransé, Ítálì àti Sípéènì. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ rí ọ̀nà gbà díẹ̀: ìwé Nàgó tiwa, ɛ àti ɔ ni, "sh" la sì ń kọ. Nọ́ńbà 238 lórí ẹ̀rọ yẹn jẹ́ lẹ́tà Gíríìkì kan tó jọ ɛ bí ìbejì. ɔ ni kò sí. Ìyẹn ni pé o lè kọ "ilɛ" láìsí ohùn lórí ɛ, àmọ́ o ò lè kọ "ɔjà". Ohun tí à ń tà kò ní orúkọ!

Tí káàdì inú kọ̀ǹpútà ọ̀gá bá jẹ́ Hercules, èyí tó jáde ní 1982, o lè ya lẹ́tà tìrẹ fúnra rẹ, píksẹ̀lì 720 lórí 348. Ya á sínú àpótí mẹ́sàn-án lórí mẹ́rìnlá bíi ti MDA. Má gbìyànjú mẹ́jọ lórí mẹ́jọ. Ohùn á gun orí lẹ́tà, àmì abẹ́ á já sínú ìlà kejì.

Nígbà tí mo ya tèmi, mo fi ìlà sábẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì, bíi ti MDA. Ìlà náà gbẹ́sẹ̀ lé àmì abẹ́. "Ọkọ" di "oko". Ojúlówó ọ̀rọ̀ ni méjèèjì, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura, àfi ìyàwó kan tí wọ́n ní kó lọ wo oko. Tí o bá fẹ́ kọ ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́, gbàgbé ìlà abẹ́. Yí lẹ́tà padà tàbí jẹ́ kó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ɛ àti ɔ lè fa ìlà bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà lórí èwo ló dára jù nínú ìkọ̀wé méjèèjì, ibí nìkan ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó kàn mí.

* * *

Àbúrò Kétu, mo ti padà sọ́dọ̀ rẹ. Bí èmi ì bá ṣe é rèé:

```
Sìmẹ́ńtì    ████████    120    wà
Ìṣó        ██░░░░░░     14  ! kù díẹ̀
PÁÀNÙ      ░░░░░░░░      0  X PARÍ
```

Ìlà kìíní, lẹ́tà lásán. Ìkejì, kó mọ́lẹ̀. Ìkẹta, yí i padà gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà, igi wà, àmì wà. Ẹni tí ọ̀kan bá fò á rí òmíràn mú. Ẹnìkan ní ó ti pọ̀ jù, pé ohun kan náà ni mo sọ nígbà mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì, eruku ti bo ojú ẹ̀rọ kó tó di ọ̀sán.

Lórí láptọ́ọ̀pù, yẹ́lò 14 àti funfun 15 kò ní dàrú lójú ọ̀gá. Pupa 4, àwọ̀ ewé 2 àti búráùn 6 ni kí o má fi wé ara wọn láé.

* * *

Mo rí ìwé rẹ tàná. O ní ọ̀gá kà á láìfọwọ́ kan gíláàsì, wọ́n wá ní kí o dá pupa padà sórí ti láptọ́ọ̀pù, torí àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀. Dá a padà. Àmọ́ 12 ni kí o lò, òun ní 6.7 lórí dúdú, kì í ṣe 4. Má sì yọ ọ̀rọ̀ "PARÍ" kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ṣú, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, oòrùn sì ta sójú ẹ̀rọ. Síbẹ̀ mo rí i láti Àjàṣẹ́ níbí pé kò sí páànù nílẹ̀, ìṣó sì ku mẹ́sàn-án. Sọ fún ọ̀gá kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí Kútọnu.